Bí ẹ ṣe lè fi Pure Data àti Gem yọ ọwọ́ ahunṣọ jáde nínú fídíò

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ fún èmi fúnra mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń hun òfì nínú agboolé wọn ní Ìlọrin níbí, mo wá gbé kámẹ́rà kékeré kan kọ́ sókè orí òfì yẹn, mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa rí ọwọ́ wọn bó ṣe ń lọ sápá ọ̀tún tó ń lọ sápá òsì, kí ìmọ́lẹ̀ róbótó kan wá máa tẹ̀lé ọwọ́ yẹn lára ògiri funfun tó wà lẹ́yìn wọn, torí àwọn ọmọ iléèwé kan ń bọ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ń hunṣọ. Gbogbo àrà tí mo mọ̀ ni mo kó sínú patch yẹn, ìyẹn ètò tí mo tò fún kọ̀ǹpútà, àwọ̀ tó ń yí padà, àwòrán tó ń pín sí mẹ́rin, òjìji tó ń tẹ̀lé èèyàn, gbogbo ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù gbóná bí ààrò, ìmọ́lẹ̀ yẹn ò sì tẹ̀lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ṣe ló kàn ń fò kiri ara ògiri. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá a jà. Ìgbà tí mo wá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò lára àwòrán dípò kí n máa fi kún un, ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rí nǹkan kan nínú fídíò, iṣẹ́ sísẹ́ ni, bí ẹni ń sẹ́ ògì. Eèrí ń dúró sókè, ohun tá a fẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ máa dín àwòrán kù, ẹ yọ ohun tí kò mira kúrò, ẹ yọ pátipàti kéékèèké tí kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ń mú wá, títí tó fi máa ku ọwọ́ yẹn nìkan, tí ọwọ́ náà á wá di nọ́ńbà méjì péré: ibo ló wà ní ìbú, ibo ló wà lókè sódò.

Irinṣẹ́ tí mo lò ni Pure Data, Pd la máa ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni pátápátá. Miller Puckette ló ṣe é, òun náà ló kọ Max, ètò míì tó jọ ọ́, nígbà tó wà ní IRCAM, ilé ìwádìí orin kan ní Paris, láwọn ọdún 1980, kó tó wá gbé Pd jáde ní 1996. Pd nìkan, orin àti ohùn ló mọ̀ jù, Gem ni wọ́n fi ń kún un kó lè rí sí àwòrán. Mark Danks ló bẹ̀rẹ̀ Gem, IOhannes m zmölnig ló wá ń bójú tó o láti ọdún pípẹ́. Àwọn míì wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, Max ní Jitter tiẹ̀ fún àwòrán ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń fi rà á, TouchDesigner ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ṣùgbọ́n àwòrán ẹ̀ ò lè ju 1280 nínà 1280 níbùú, ó sì ń fẹ́ láptọ́ọ̀pù tó lágbára. Èmi fẹ́ràn Pd torí pé láptọ́ọ̀pù àlòkù tí mo ní gbé e dáadáa, tẹ́ ẹ bá sì ti wà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè dátà lọ́wọ́ yín mọ́. Ọgbọ́n tí mo máa sọ yìí ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn, orúkọ àpótí ló kàn máa yàtọ̀.

Tó bá jẹ́ Ubuntu lẹ ń lò, ẹ ṣí terminal, fèrèsé tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ẹ tẹ èyí:

sudo apt install puredata gem

Tó bá jẹ́ Windows, ẹ wa Pd sílẹ̀ láti puredata.info, ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí i, ẹ wá lọ sínú méńù Help, tó bá jẹ́ Pd tuntun ẹ wo Tools, ẹ máa rí Find externals níbẹ̀. Ẹ tẹ Gem síbẹ̀, ẹ mú èyí tó bá kọ̀ǹpútà yín mu, ẹ jẹ́ kó wọlé. Ó parí.

Wàyí o, kí ni patch? Dípò kéèyàn máa kọ kóòdù gígùn, àpótí lẹ ó máa tò sójú síkírìn, ẹ ó máa fa wáyà láti ìdí àpótí kan lọ sí ẹnu àpótí kejì, ohun tó bá ti ìdí èyí tó wà lókè jáde ló máa bọ́ sẹ́nu èyí tó wà nísàlẹ̀. Àpótí kan lè ní ẹnu méjì mẹ́ta, ẹnu apá òsì ni àwòrán ń gbà wọlé, àwọn tó kù lapá ọ̀tún ni wọ́n fi ń sọ fún un pé báyìí ni kó ṣe é. Ẹ tẹ Ctrl+N, pátákó funfun máa jáde. Ctrl+1 ló ń mú àpótí jáde. Ctrl+2 ló ń mú àpótí iṣẹ́ jáde, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi máòsì tẹ̀ ẹ́, á lọ jíṣẹ́ yẹn fún àpótí tí wáyà ẹ̀ kàn. Ctrl+3 ni ti nọ́ńbà. Ctrl+E lẹ fi ń yí láàárín ìgbà tẹ́ ẹ ń tò ó àti ìgbà tẹ́ ẹ ń lò ó, ẹ má gbàgbé eléyìí o, torí mo ti rí ẹni tó ń fa nọ́ńbà fún wákàtí kan tí kò yí, tó rò pé Pd ti bàjẹ́, ó ṣì wà níbi títò ni.

Àpótí àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa kọ, declare -lib Gem. Ẹ tọ́jú patch yẹn sínú fólídà kan, ẹ pa á dé, ẹ tún un ṣí. Ẹ wo fèrèsé Pd tó ń kọ ọ̀rọ̀, tí orúkọ Gem bá jáde níbẹ̀, ó ti wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ gemwin 25 sínú àpótí kan. Gemwin ni fèrèsé tí a ó máa ya àwòrán sí, 25 yẹn ni iye férémù, ìyẹn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó máa yà ní sẹ́kọ́ǹdì kan, tẹ́ ẹ bá kọ gemwin lásán 20 ló máa lò. Mo ní ìdí tí mo fi mú 25, mo máa débẹ̀. Ẹ ṣe àpótí iṣẹ́ márùn-ún, ẹ kọ dimen 640 480 sínú ọ̀kan, create, 1, 0, destroy sínú àwọn mẹ́rin tó kù, ẹ fa wáyà gbogbo wọn sẹ́nu gemwin. Dimen lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀, create ló ń ṣí fèrèsé, 1 ló ń bẹ̀rẹ̀ yíyà, 0 ló ń dá a dúró, destroy ló ń pa fèrèsé. Bí fèrèsé bá ṣí tí kò sí nǹkankan nínú ẹ̀, kò burú, a ò tíì fún un ní nǹkan tó máa yà.

Ohun tó máa yà lèyí, ẹ to àwọn àpótí yìí látòkè wá sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fa wáyà láti ìdí ọ̀kan sẹ́nu èkejì, ẹnu apá òsì ṣá o:

gemhead
pix_video
pix_texture
rectangle 4 3

Gemhead ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ gemwin, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní sẹ́kọ́ǹdì kan ló ń sọ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ pé ó yá. Pix_video ló ń ṣí kámẹ́rà. Pix_texture ló ń gbé àwòrán lọ sórí káàdì tó ń yàwòrán nínú kọ̀ǹpútà. Rectangle ni pátákó tá a máa lẹ àwòrán yẹn mọ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ create, tẹ́ ẹ tẹ 1, ó yẹ kẹ́ ẹ rí ojú ara yín.

Tó bá jẹ́ pátákó funfun lásán lẹ rí, ẹ wò ó bóyá ẹ gbàgbé pix_texture, àbí kámẹ́rà ò ṣí ni. Ẹ ṣe àpótí iṣẹ́ tó ní device 0, òmíì tó ní device 1, ẹ fà wọ́n sẹ́nu pix_video, ẹ tẹ̀ wọ́n wò. Kámẹ́rà kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ pa Zoom, ẹ pa bíráwúsà tó ń lo kámẹ́rà. Ẹni tí kò ní kámẹ́rà USB, DroidCam lè sọ fóònù Android di kámẹ́rà, wáyà USB gígùn tí mo rà ní Post Office ni mo fi ṣe tèmi torí ti Wi-Fi máa ń dúró díẹ̀díẹ̀ kó tó dé. Tó bá jẹ́ pé ọ̀tún yín ń lọ sí òsì bíi dígí, ẹ fi pix_flip sáàárín pix_video àti pix_texture, kẹ́ ẹ rán horizontal sí i.

Mo ní SÁÀÁRÍN. Ẹ jẹ́ n dúró síbí díẹ̀, torí ibí yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lára. Ẹni tó bá ti da ògì sínú omi gbígbóná tán kò lè tún un sẹ́ mọ́. Pix_texture ni omi gbígbóná yẹn. Gbogbo àpótí tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pix_ tó ń tún àwòrán ṣe, òkè pix_texture ló gbọ́dọ̀ wà, tẹ́ ẹ bá fi sísàlẹ̀ ẹ̀, kò ní bínú, kò ní kọ àṣìṣe kankan jáde, ó kàn máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lórí àwòrán tí ẹnikẹ́ni ò ní rí, ẹ̀yin á máa fa nọ́ńbà, nǹkankan ò ní yí. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ báyìí: ẹ fi pix_invert sókè pix_texture, dúdú á di funfun, funfun á di dúdú. Ẹ wá gbé e lọ sísàlẹ̀ pix_texture, kò ní ṣe nǹkankan. Ẹ fi ojú ara yín rí i kó lè dúró lọ́kàn yín.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá dín àwòrán kù.

Férémù kan tó jẹ́ 640 níbùú, 480 lókè sódò, píksẹ́ẹ̀lì 307,200 ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn àwọn tóótòòtó àwọ̀ tí wọ́n fi to àwòrán. Ní férémù 25 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ó ti lé ní mílíọ̀nù méje àtààbọ̀ píksẹ́ẹ̀lì tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ní sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan, ó sì tún jẹ́ pé pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní, àpótí pix_ tẹ́ ẹ bá fi kún un kọ̀ọ̀kan ló tún máa ka gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ orí kọ̀ǹpútà gan-an ni àwọn pix_ yìí ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe orí káàdì àwòrán. Ọwọ́ èèyàn tó ń hunṣọ, ẹ ò nílò píksẹ́ẹ̀lì 307,200 kẹ́ ẹ tó mọ ibi tó wà. Ẹ rán dimen 320 240 sí pix_video, ó ti di 76,800 nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Kámẹ́rà míì ò ní gbọ́, á ṣì máa rán èyí tó tóbi wá, ẹ fi pix_resize 320 240 sábẹ́ pix_video tó bá rí bẹ́ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tèmi, ibi tí fáànù ẹ̀ ti dákẹ́ nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó tẹ̀síwájú, ìmọ̀ràn kan tó gbà mí lọ́wọ́ ìyà: ẹ má fi kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tún patch ṣe. Ẹni tó ń hunṣọ ò lè máa ju ọwọ́ síbí jù ú sọ́hùn-ún títí di ìrọ̀lẹ́ torí ẹ̀yin ń wá nọ́ńbà. Ẹ fi fóònù ká ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdì sílẹ̀, láti ibi tí kámẹ́rà máa wà gan-an, kẹ́ ẹ máa fi pix_film ṣí i dípò pix_video. Àwòrán kan náà lẹ ó máa rí ní gbogbo ìgbà, ẹ ó mọ̀ bóyá nọ́ńbà tẹ́ ẹ yí ló mú nǹkan dáa tàbí ọwọ́ ló kàn lọ sí ibòmíì. Fídíò fóònù tóbi jù, pẹ̀lúpẹ̀lù bí wọ́n ṣe ń dì í, ọ̀pọ̀ férémù inú ẹ̀ ò dá dúró, ohun tó fi yàtọ̀ sí férémù míì nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ní kí Pd fò padà sẹ́yìn á máa ṣe gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ fi ffmpeg, ètò tó ń yí fídíò padà, yí i sí èyí tí férémù kọ̀ọ̀kan ti dá dúró:

ffmpeg -i owo.mp4 -vf scale=320:-2 -c:v mjpeg -q:v 3 owo.avi

Ẹ rán open owo.avi sí pix_film, kẹ́ ẹ rán auto 1 tẹ̀lé e kó lè máa lọ fúnra ẹ̀. Ìdí ẹ̀ kẹta máa ń ta bang, ìyẹn àmì pé ó yá, tí fídíò bá tán, ẹ so ó mọ́ àpótí iṣẹ́ tó ní 0 nínú, kẹ́ ẹ dá a padà sẹ́nu ọ̀tún pix_film, á máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ títí ayé.

Ibi tí adùn wà la dé yìí, yíyọ ohun tí kò mira. Ọ̀nà méjì ló wà, wọn ò sì jọra, mo rí àwọn tó ń dà wọ́n pọ̀. Ọ̀nà kìíní ni pix_background. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó wo ibẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ rán reset sí i, á há ibẹ̀ sórí, látìgbà yẹn lọ ohun tó bá ti jọ èyí tó há sórí á di dúdú, ohun tuntun tó bá wọlé nìkan lẹ ó máa rí, ì báà mira, ì báà má mira. Ọ̀nà kejì ni pix_movement, òun ò há ibì kankan sórí fún ìgbà pípẹ́, férémù yìí àti èyí tó ṣáájú ẹ̀ ló ń fi wéra, ibi tó bá ti yàtọ̀ ló ń mú. Ká ní a gbé kámẹ́rà síwájú àwọn ère òkúta Èsìẹ́, pix_movement ò ní rí ẹyọ kan nínú wọn láíláí, àlejò tó ń rìn kọjá níwájú wọn ló máa rí, tí àlejò yẹn bá sì dúró sójú kan tó ń wò wọ́n, òun náà á pòórá. Pix_background ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé ère kan wọlé lẹ́yìn reset, á máa rí ère yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Fún òfì, pix_movement ni mo mú, torí aṣọ ń gùn sí i bí wọ́n ṣe ń hun ún, ohun tí pix_background há sórí láàárọ̀ ò ní bá ti ọ̀sán mu mọ́. Fún ẹni tó fẹ́ ka àwọn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù, mo lè sọ pé kó lo pix_background. Báyìí ni tiwa ṣe rí:

gemhead
alpha
pix_video
pix_resize 320 240
pix_rgba
pix_movement
pix_texture
rectangle 4 3

Pix_movement kì í pa àwọ̀ rẹ́, ṣe ló ń kọ èsì ẹ̀ sínú ìpele kẹrin àwòrán, èyí tó ń sọ bí píksẹ́ẹ̀lì ṣe hàn tó tàbí bó ṣe mọ́ gaara tó, ìdí tí mo fi fi pix_rgba síbẹ̀ nìyẹn, kí ìpele kẹrin yẹn lè wà. Alpha tó wà lókè ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ fojú rí i: ohun tó mira á hàn, ohun tí kò mira á pòórá. Ẹ so àpótí nọ́ńbà mọ́ ẹnu ọ̀tún pix_movement, láti 0 dé 1 ni, ààlà lèyí, bí ìyàtọ̀ bá ti kéré sí i, kò ní kà á sí ìmìra. Tẹ́ ẹ bá di Shift mú bẹ́ẹ̀ ṣe ń fa nọ́ńbà, á máa lọ ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0. Gbogbo síkírìn á máa hó yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ bí àgbàdo lórí iná, kámẹ́rà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀, kò sí kámẹ́rà tí férémù ẹ̀ méjì bára mu délẹ̀. Ẹ máa gbé e sókè títí híhó yẹn á fi dákẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mira, ẹ wá ní kí ẹnì kan ju ọwọ́. Tí ọwọ́ bá ṣì hàn dáadáa, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má sáré gbé e kọjá ibẹ̀, ọwọ́ tó wọ aṣọ tó jọ òwú tó wà lórí òfì máa pòórá.

Ẹ jẹ́ n sọ ti iná báyìí, torí òun gan-an ló gba ọ̀sẹ̀ kan nínú ọ̀sẹ̀ méjì tí mo sọ. Nínú yàrá yẹn, iná gígùn funfun kan wà lájà, pix_movement ń rí ìmìra níbi tí kò sí èèyàn, gbogbo àwòrán á tàn á ṣú, á tàn á ṣú, pẹ̀lú ìlà gbọọrọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀. Mo rò pé wáyà ló ti já. Kì í ṣe wáyà. Iná tí à ń lò ní Nàìjíríà, 50 Hz ni, ìyẹn ni pé irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ máa ń tàn tó máa ń ṣú lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìgbà 100 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ojú wa ò lè rí i ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń rí i. Kámẹ́rà tó ń ka férémù 30 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, 100 ò pín sí 30 dọ́gba, nítorí náà férémù kan á gba ìmọ́lẹ̀ ju èkejì lọ. Tó bá jẹ́ 25, férémù kọ̀ọ̀kan á gba ìtànná mẹ́rin géérégé, wọ́n á dọ́gba. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ 25 nìyẹn, ṣùgbọ́n kámẹ́rà fúnra ẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ wà ní 25, tí kò bá gbà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 50 Hz sí nínú ètò kámẹ́rà, ẹ mú un. Tó bá wá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ ń lò, òun kì í dúró lórí 50 gééré, á máa lọ sókè sódò bí ẹrù bá ṣe ń wúwo, kò sí ètò kámẹ́rà tó máa bá yín mú ìyẹn. Ohun tó dáa jù, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Ahunṣọ máa ń fẹ́ràn ibi tí ojúmọ́ ti ń wọlé tẹ́lẹ̀, ẹ gbé òfì sẹ́bàá ojú fèrèsé, ẹ pa iná.

Èyí tó tún jọ ọ́ ni pé kámẹ́rà máa ń yí ojú ara ẹ̀ padà. Èèyàn tó wọ aṣọ funfun bá kọjá, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á ṣú gbogbo àwòrán, pix_movement á ní gbogbo ayé ti mira. Ẹ pa àdáṣe yẹn. Lórí Linux, guvcview lẹ máa fi pa á, lórí Windows ẹ rán dialog sí pix_video, fèrèsé ètò kámẹ́rà á ṣí, ẹ wá exposure, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó, ẹ yọ auto kúrò lára ẹ̀. Ẹ wo fáànù náà, kọ́tìnnì náà, àti adìẹ àgbàlá, torí àwọn náà ń mira.

Ó ku ká sọ ọwọ́ di nọ́ńbà. Ẹ fi pix_blob 4 sáàárín pix_movement àti pix_texture. 4 yẹn ń sọ fún un pé ìpele kẹrin ni kó wò. Ohun tó ń ṣe ò le, gbogbo píksẹ́ẹ̀lì tó mira ló ń kó jọ, ó wá ń wá àárín wọn. Ìdí ẹ̀ kejì ń sọ ibi tí àárín yẹn wà ní ìbú, láti 0 dé 1, ẹ̀kẹta ń sọ ti òkè sódò, ẹ̀kẹrin ń sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ so àpótí nọ́ńbà mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ máa wò wọ́n bí ọwọ́ ṣe ń lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ sáré lọ ya ìmọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ibẹ̀ lẹ máa ti mọ̀ bóyá sísẹ́ yín mọ́. Tí ẹnikẹ́ni ò bá mira tí ti ìbú ń fò láti 0.2 sí 0.8, eèrí ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ padà sí ààlà àti iná.

Ibi tí ìdí kẹrin yẹn ti wúlò nìyí. Ẹ so ó mọ́ àpótí > 0.01, kẹ́ ẹ fa ìdí ẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀tún àpótí spigot, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ti ìbú gba ẹnu òsì spigot yẹn kọjá. Spigot dà bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì, tí ìmìra bá kéré ju 0.01 lọ á tì, ìmọ́lẹ̀ á dúró síbi tó wà, kò ní sáré kiri wá ohun tí kò sí. Ẹ ṣe spigot míì fún ti òkè sódò.

Ojú ibi tí Gem ń yàwòrán sí, láti -4 dé 4 ló ń kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè, 0 ló wà láàárín. Tiwa sì ń bọ̀ láti 0 dé 1. Nítorí náà lẹ́yìn spigot ti ìbú, ẹ fi * 8, ẹ fi - 4 tẹ̀lé e. Fún ti òkè sódò, * 6 àti - 3, torí rectangle 4 3 la lò. Tó bá ń lọ sódò nígbà tí ọwọ́ ń lọ sókè, ẹ fi * -1 kún un. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣe àpótí iṣẹ́ tó ní $1 100, ẹ fà á sẹ́nu àpótí line. Line á máa fi 100 mílísẹ́kọ́ǹdì rìn lọ síbi nọ́ńbà tuntun dípò kó fò lọ síbẹ̀ lójijì, ìrìn ìmọ́lẹ̀ á wá jọ ìrìn èèyàn. Ìlà kejì lèyí:

gemhead 60
translateXYZ 0 0 0.1
color 1 0.6 0
circle 0.4

Line ti ìbú á wọ ẹnu kejì translateXYZ, ti òkè sódò á wọ ẹ̀kẹta. Gemhead tí a ò kọ nọ́ńbà sí, 50 ni tiẹ̀, èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré ló ń kọ́kọ́ yà, 60 yìí á yà tẹ̀lé e. 0.1 yẹn ń gbé róbótó síwájú díẹ̀ kó má wọnú pátákó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sórí pùròjẹ́kítọ̀, ẹ so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù bíi síkírìn kejì, ẹ rán border 0 sí gemwin, àti offset 1366 0 tí síkírìn láptọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ 1366 níbùú, kẹ́ ẹ tó tẹ create. Kò sídìí fún àwòrán kámẹ́rà lára ògiri mọ́, ẹ já wáyà tó lọ sí pix_texture, pix_blob á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ, róbótó nìkan ló máa hàn. Róbótó yẹn ò ní bọ́ síbi ọwọ́ gan-an nígbà àkọ́kọ́, torí ibi tí kámẹ́rà wà yàtọ̀ síbi tí pùròjẹ́kítọ̀ wà, ẹ fi àpótí nọ́ńbà rọ́pò 8 àti 4 yẹn, kẹ́ ẹ máa fà wọ́n títí á fi bọ́ sí i.

Kámẹ́rà ò gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ pùròjẹ́kítọ̀ yẹn o! Ìmọ́lẹ̀ ń mira, pix_movement á rí i, á ní ọwọ́ nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ara ẹ̀. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ni mo bá eléyìí pàdé, nígbà tí ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà díẹ̀ láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà máa wo ìsàlẹ̀ gbọnrangandan, orí òfì nìkan, tí kò bá ṣe é ṣe, ẹ fi pix_crop gé apá tí ògiri wà kúrò kó tó dé pix_movement.

Nọ́ńbà tí èmi lò kẹ́yìn: 320 níbùú, 240 lókè sódò, férémù 25, ààlà 0.12, spigot ní 0.01. Line mi wà ní 100, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi hun tó bí ìka mẹ́ta, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ yìí ń pẹ́ dé, ọwọ́ àwọn ti padà kó tó dé ọ̀hún. Mo dín in sí 60. Wọ́n ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní ó ti bá àwọn mu, wọ́n padà sídìí aṣọ wọn.